Àbùkù Inú Sọ́fítíwià Ọ̀fẹ́: Ta Ni Àtúnṣe Rẹ̀ Kàn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ìyá aláṣọ ní ọjà Balógun fi ń tẹ rìsíìtì fún àwọn oníbàárà wọn. Apá tó ń tẹ ìwé jáde kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Sọ́fítíwià open source ni, tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí orúkọ oníbàárà bá ní “ẹ́” tàbí “ọ̀” nínú, àmì ohùn á ṣí kúrò lórí lẹ́tà, tàbí kí àpótí òfìfo jáde dípò rẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ni iṣẹ́ náà, kò fèsì. Èmi ni àwọn ìyá ọlọ́jà ń bínú sí. Ṣé kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ ló yẹ kó tún un ṣe?
Òǹkàwé yín, Yaba

ÌDÁHÙN: Ìbínú àwọn ìyá ọlọ́jà tọ́, nítorí orúkọ ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń ṣe báṣubàṣu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni wọ́n ti ra ọjà, ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì dá wọn lóhùn. Ìwé àṣẹ tó bá irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ wá, ìbáà jẹ́ MIT tàbí GPL, sọ ọ́ kedere pé bí iṣẹ́ náà ṣe wà ni wọ́n ṣe fi sílẹ̀, láìsí ìdánilójú kankan. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2024 lórí ààbò irú ọjà báyìí náà gbé ẹrù ka orí ẹni tó ń tà á, kì í ṣe ẹni tó kọ kóòdù sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láìfi ṣòwò.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí àbùkù Heartbleed hàn nínú OpenSSL, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí à ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ni ayé tó mọ̀ pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló ń tọ́jú ohun tí apá ńlá íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé, àti pé owó ìtọrẹ tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò ju nǹkan bíi 2,000 dọ́là lọ. Ti XZ, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré, tó hàn síta ní oṣù Kẹta ọdún 2024 tún burú jù: àwọn kan ń fi ìkanra kọ̀wé sí olùtọ́jú kan ṣoṣo tó ti rẹ̀, títí ó fi gba ẹlòmíràn láyè láti ràn án lọ́wọ́, orúkọ ẹni náà ni wọ́n sì fi ki ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ bọ inú kóòdù láti fi wọ kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe fi ìkanra kọ̀wé. Síbẹ̀, n kò dá ẹni tí ẹ kọ̀wé sí láre pátápátá: bí kò bá tọ́jú iṣẹ́ náà mọ́, ó yẹ kí ó kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.

Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ̀yin gan-an ni ìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Unicode, ètò tó fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà, “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “ọ” náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n “ẹ́” àti “ọ̀” kò ní, àfi kí kọ̀ǹpútà mú lẹ́tà, kí ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Ẹni tí kì í kọ Yorùbá lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún pípẹ́ kí ó má rí àbùkù náà rárá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fọ́ǹtì tí ẹ ń lò ní àwọn àmì náà. Bí ó bá ní wọn, ẹ kọ àpẹẹrẹ kékeré tó fi àṣìṣe hàn, ẹ tún kóòdù náà ṣe, kí ẹ sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ yín, gbogbo ìgbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde ni ẹ ó máa tún un ṣe lákọ̀tun, ẹlòmíràn ní Ìbàdàn yóò sì máa jìyà kan náà. Bí kò bá tún fèsì, ìwé àṣẹ yẹn kan náà fún yín láyè láti máa bá ẹ̀dà tiyín lọ ní gbangba. Ẹ sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí fún àwọn ìyá ọlọ́jà, kí ẹ sì ka owó irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tuntun.