Andritz, Escher Wyss, VA Tech: Ṣé Ilé Iṣẹ́ Kan Náà Ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ Andritz ní Graz, lórílẹ̀-èdè Ọ́stríà, sì ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ẹ̀ka tọ́báìnì omi, ìyẹn ẹ̀rọ tí omi ń yí láti fi pèsè iná mànàmáná. Bí mo ti ń ka ìtàn wọn, orúkọ Escher Wyss àti VA Tech kò yéé jáde. Ṣé ilé iṣẹ́ kan náà ni, kí ni ó sì yẹ kí n mọ̀ dájú kí n tó lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ìpè náà. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti tọ́báìnì omi, ọ̀dọ̀ Andritz ni gbogbo wọn parí sí.

Ọdún 1852 ni Josef Körösi, ọmọ ilẹ̀ Húngárì, dá ilé iṣẹ́ ìyọ́rin kan sílẹ̀ ní Andritz, tí ó jẹ́ abúlé ní àríwá Graz nígbà náà. Ọdún 1938 ni abúlé ọ̀hún tó di ara ìlú. Orúkọ abúlé ni ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Irin kò jìnnà sí wọn, nítorí òkè Erzberg, tí wọ́n ti ń wa irin láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wà ní Styria, agbègbè tí Graz náà wà, ojú irin rélùwéè sì ti dé Graz láti 1844.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù nìyí. Ikùn pọ́ǹpù àti àgbá tọ́báìnì ní kọ̀rọ̀ àti ibi tó tẹ̀ tí òòlù alágbẹ̀dẹ kò lè lù jáde. Àfi kí a yọ́ irin, kí a sì dà á sínú móòdù, ìyẹn ohun tí irin yíyọ́ ń gba ìrísí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti mọ irin ín dà dáadáa ti sún mọ́ ẹ̀rọ ṣíṣe. Báyìí ni Andritz ṣe bọ́ sórí kéréènì, pọ́ǹpù àti tọ́báìnì omi, tí ó sì tún ṣe afárá àti ẹ̀rọ tí ń lo ooru omi. Ní nǹkan bí 1900 ó di ilé iṣẹ́ onípìn-ín. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, báńkì Creditanstalt ni ó ní ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní nǹkan bí 1950 ni Andritz bẹ̀rẹ̀ sí í bá Escher Wyss ṣiṣẹ́ pọ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Zurich láti 1805. Tọ́báìnì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìṣepépà kún un ní 1951. Nígbà tó yá, Escher Wyss bọ́ sọ́wọ́ Sulzer, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Switzerland, ẹ̀ka tọ́báìnì rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ VA Tech ti Ọ́stríà. Ní 2005, ilé iṣẹ́ Siemens ti Jámánì ra VA Tech, ṣùgbọ́n Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé kò gbọdọ̀ di ẹ̀ka tọ́báìnì náà mú, kí ìdíje má baà kú lọ́jà. Andritz ni ó rà á ní 2006. Iṣẹ́ tí òun àti Escher Wyss ti jọ ṣe ní àádọ́ta ọdún ó lé sẹ́yìn wá di tirẹ̀ pátápátá.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan o. Bí ẹ bá rí Escher Wyss lára ẹ̀rọ ìṣepépà, ti Andritz kọ́ nìyẹn, nítorí pé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Voith ti Jámánì ni ẹ̀ka náà gbà lọ ní 1994. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni a fi ń mọ ẹni tí ìwé àwòrán ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́ náà ṣe pàtàkì.

Ní ti ìyókù, ó tó kí ẹ mọ̀ pé Wolfgang Leitner di ọ̀gá àgbà ní 1994, pé ìpín Andritz bọ́ sí ọjà ìdókòwò Vienna ní 2001, àti pé ó ra Schuler, ilé iṣẹ́ Jámánì tí ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ irin, ní 2013.

Ẹ múra sílẹ̀ láti ṣàlàyé ìdí tí a fi ń lo irú tọ́báìnì tí wọ́n ń pè ní Pelton níbi tí omi ti ń já láti òkè gíga ṣùgbọ́n tí kò pọ̀, tí a sì ń lo Kaplan níbi tí omi ti pọ̀ ṣùgbọ́n tí ìjábọ̀ rẹ̀ kò ga, pẹ̀lú Francis láàárín méjèèjì. Viktor Kaplan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Mürzzuschlag ni, ní agbègbè Styria kan náà tí ẹ ń lọ.