Ẹ Bi Ẹlẹ́rọ: Kí ni kí n rà tí màá fi wọn báàsì inú pálọ̀ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ra wúfà oní-íńṣì 12 kan, mo so ó mọ́ rìsífà mi (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn fún àwọn sípíkà), pálọ̀ mi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16, ó fẹ̀ tó 12. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá jókòó wo fíìmù, báàsì kan wà tó máa ń hó dùùùù bí ẹni pé ògiri fẹ́ wó, òmíràn ò sì ní dún rárá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ kedere. Ẹnì kan ní kí n ra máìkì XLR, kí n ra audio interface (àpótí tó ń so irú máìkì bẹ́ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà), kí n tún ra miniDSP (àpótí kékeré tó ń tún ìró ṣe kó tó dé wúfà). Ẹlòmíì ní áàpù orí fóònù ti tó. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ o, èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé o, bọ̀dá mi. Áàpù orí fóònù ò tó, ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n kà sílẹ̀ fún yín yẹn náà ti pọ̀ jù. Máìkì USB kan, láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, àti sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ kan ti parí ẹ̀, ẹ fi owó yòókù sápò ná.

Ohun tó ń ṣe pálọ̀ yín rèé. Ìró báàsì máa lọ gbá ògiri, á padà wá, á pàdé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Níbi tí wọ́n bá ti gbe ara wọn, báàsì á wú, níbi tí wọ́n bá ti pa ara wọn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá pín 562 sí ọ̀nà 16 (562 yẹn ni ìdajì ẹsẹ̀ bàtà tí ìró ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) ẹ máa rí bíi 35, ìyẹn ni pé ní nǹkan bíi 35 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni gígùn yàrá yín ti máa kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀, ti fífẹ̀ á bọ́ sí bíi 47 Hz. Ara ògiri ni irú ìró bẹ́ẹ̀ ti máa ń lágbára jù, ìdí nìyẹn tí ẹni ẹnu ọ̀nà kíṣìnì fi ń jayé, tó bá sì jẹ́ pé àárín gbùngbùn pálọ̀ lẹ gbé àga yín sí, 35 Hz yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Ògiri búlọ́ọ̀kù tiwa tún wá le, ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ táwọn ará Amẹ́ríkà ń fi kọ́lé máa ń jẹ díẹ̀ nínú báàsì, tiwa á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo ẹ̀ padà fún yín ni.

Nípa máìkì, UMIK-1 ni kẹ́ ẹ wá, tàbí Dayton UMM-6. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, ẹ máa fi nọ́ńbà yẹn wa fáìlì kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì yẹn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí máìkì ọ̀hún ti ń ṣe àṣejù àti ibi tó ti ń ṣe àṣetì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà ẹ̀ ò tíì pa rẹ́ o! Máìkì XLR bíi ECM8000 dáa, ṣùgbọ́n ó máa fẹ́ interface tó lè fún un ní 48 volt, ẹ sì máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹni tó máa bá yín wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó lè gbẹ́kẹ̀ lé e, fún wúfà kan ṣoṣo? Rárá jàre. Sọ́fítíwìà yẹn, REW ni, John Mulcahy ló kọ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac. Ẹ fi HDMI so láptọ́ọ̀pù mọ́ rìsífà, ẹ gbé máìkì sórí sítáńdì níbi tí etí yín máa ń wà, kí ẹ ní kó kọrin láti 15 dé 200 Hz, gíráàfù á jáde. Ẹ wo waterfall náà, ìyẹn gíráàfù tó ń fi bí ìró kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú hàn, òun ló ń fi hàn yín èyí tó ń hó tí ò fẹ́ dákẹ́.

Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ o, ti aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Èyí tó ń yí ní 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan máa ń yìn ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tó bá jẹ́ four-stroke, ní ìgbà 50 tó bá jẹ́ two-stroke, inú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n gan-an nìyẹn bọ́ sí. Ẹ dúró de iná, tàbí kẹ́ ẹ lo ìńfátà lóru.

Kẹ́ ẹ tó tún nǹkan kan ṣe nínú rìsífà, ẹ gbé wúfà kúrò níbi tó wà. Ẹ gbé e sórí àga yín, kẹ́ ẹ wá gbé máìkì káàkiri gbogbo ibi tẹ́ ẹ lè gbé wúfà sí, ibi tí gíráàfù bá ti tẹ́ jù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ (ìyàwó lè má fọwọ́ sí i, ẹ bẹ̀ ẹ́). Lẹ́yìn náà, tí rìsífà yín bá ní Audyssey tàbí Dirac (ètò inú rìsífà tó ń fi máìkì tún ìró ṣe kó lè bá yàrá mu), ẹ jẹ́ kó ṣe tiẹ̀, kẹ́ ẹ fi REW yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò. Òkè orí gíráàfù ni kẹ́ ẹ máa gé, ẹ má gbìyànjú láti dí kòtò tí ògiri gbẹ́ síbẹ̀, omi inú ajẹ̀rẹ̀ ni. 6 dB péré (dB ni òṣùwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó) tẹ́ ẹ bá fi kún un, agbára ìlọ́po 4 ni ámúpù máa wá, 10 dB á fẹ́ ìlọ́po 10, wúfà á jóná kí kòtò yẹn tó kún. Ní ti miniDSP 2x4 HD, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra wúfà kejì la máa sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí ó ní ojú ìjáde 4 tẹ́ ẹ lè tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, fúláàtì ni mò ń gbé ní London, ẹni tó wà nísàlẹ̀ mi ń ké sí mi lórí báàsì lálaalẹ́. Áàpù fóònù mi ní kò ju 60 dB lọ. Ṣé irọ́ ni aládùúgbò mi yìí ń pa ni?

ÌDÁHÙN: Áàpù yẹn lò ń gbà gbọ́, àbúrò. Ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe máìkì fóònù fún, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gé báàsì kúrò, ọ̀pọ̀ áàpù náà tún máa ń wọ̀n lórí A (dBA), ọ̀nà ìwọ̀n tó ń fojú kéré ìró ìsàlẹ̀. Yí i sí C (dBC), tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gé báàsì, tó bá ní in, wàá rí i pé nọ́ńbà yẹn á gòkè. Ra iMM-6, máìkì kékeré tí wọ́n ń ki bọ fóònù, tí fóònù rẹ bá ní ihò íápíìsì, ó kéré lówó, ó ní fáìlì tiẹ̀ náà. Wá èyí tó ń hó jù, gé e kúrò, torí òun ló ń gba inú ilẹ̀ lọ bá ẹni ìsàlẹ̀ rẹ. Tó bá ti di alẹ́, tan night mode orí rìsífà, òun ló ń dín ìró tó bá ga jù kù.