Ọ̀ṣúntókun: orúkọ ìdílé kan láti ẹsẹ̀ òkè Èkìtì

Ìbéèrè kan wọlé láti Adó-Èkìtì. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣúntókun jọ ń ṣiṣẹ́, òun kò sì gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú tòun. Gbogbo àgbà tó bi ló ń tọ́ka sí Òkèmẹ̀sí, ìlú kan ní Èkìtì náà. Ó fẹ́ mọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí, ibi tó ti ṣẹ̀, ìdí tí àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò fi pọ̀ bí àwọn Àjàyí, àti bóyá ẹbí kan náà ni gbogbo wọn.

Ìtumọ̀ ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣì í jù. Ọ̀ṣun tó òkun ni. Odò Ọ̀ṣun àti òrìṣà tó ni ín bá òkun dọ́gba. Bí òkun ti tó ni òun náà tó. Nígbà tí a bá pe gbólóhùn yìí pọ̀ di orúkọ, ohùn ìparí Ọ̀ṣun á gbé sókè, "ò" tó bẹ̀rẹ̀ òkun á sì wọlé sínú "tó". Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Ọ̀ṣúntókun.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí "Ọ̀ṣun tó kún", ìyẹn odò tí omi rẹ̀ kún dé bèbè. Ohùn kò gbà bẹ́ẹ̀. "Kún" tí à ń sọ nípa odò, ohùn òkè ló ní. "Kun" inú orúkọ yìí wà ní àárín, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú òkun. Àwọn mìíràn fi wé Adétòkunbọ̀, wọ́n ní Ọ̀ṣun ti òkun wá ni. Ṣùgbọ́n "ti òkun" máa ń fún wa ní "tòkun" tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ pe Adétòkunbọ̀ síta, ẹ ó gbọ́ ọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Ọ̀ṣun kò ti òkun wá, ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ohun tí orúkọ ń wí ni pé odò náà dé òkun. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀ṣúndókun ni à bá máa pè é. Àmì ohùn tí wọn kì í fi sórí orúkọ nínú ìwé iléèwé àti ìwé ìrìnnà ló fa gbogbo èyí.

Orúkọ náà ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Fátókun wà, Ifá tó òkun. Ọlátókun wà pẹ̀lú. Ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ mú ohun tó tóbi jù lọ nínú ohun tó mọ̀, ó gbé ohun tí ilé rẹ̀ ń bọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní wọ́n dọ́gba. Ẹ wo Fátóyìnbó: Ifá tó òyìnbó. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ kí òyìnbó tó di ẹni tí à ń bẹ̀rù láàárín wa. Òkun ní tirẹ̀ ti wà lẹ́nu Yorùbá tipẹ́tipẹ́ fún títóbi, fún ọrọ̀, fún ohun tí a kò rí òdìkejì rẹ̀.

Wàyí o, Èkìtì kò sí létí òkun. Ilẹ̀ òkè ni, ọ̀pọ̀ baba ńlá wa ni kò sì fojú rí òkun títí wọ́n fi lọ. Ọ̀ṣun ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì kéré. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń tọ́ka sí òkè gàgàrà Òkèmẹ̀sí, ní ìtòsí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, gẹ́gẹ́ bí ibi tí odò náà ti sun. Àwọn ará Ìgèdè-Èkìtì ní ọ̀dọ̀ àwọn ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbà á bẹ́ẹ̀. N kò rí ìdí tí a ó fi jà lé e lórí: èyí tó wù ká mú, Èkìtì ni. Láti ibẹ̀ ni odò náà ti kọ́kọ́ kọrí sí àríwá, tó yí sí ìwọ̀-oòrùn lọ sí Òṣogbo àti Ẹdẹ, kó tó wá dorí kọ gúúsù títí ó fi tú sínú ọ̀sà ní apá Ẹ̀pẹ́.

Òṣogbo ló gba òkìkí odò náà. Igbó Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀ ni UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, ibẹ̀ sì ni èrò ń wọ́ lọ lóṣù kẹjọ ọdọọdún. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ti gbọ́ orúkọ tó ní Ọ̀ṣun nínú, ó ti gbà pé Òṣogbo ló ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pọn omi Ọ̀ṣun lẹ́sẹ̀ òkè níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, tó wo omi yẹn tó ní ó tó òkun, ìgbàgbọ́ rẹ̀ jìn ju ti ẹni tó rí i níbi tó ti fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn orúkọ yìí ju ọ̀pọ̀ orúkọ Ọ̀ṣun mìíràn lọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn orúkọ tó fi Ọ̀ṣun ṣíwájú, irú bí Ọ̀ṣúndáre, Ọ̀ṣúnbùnmi àti Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà wọ ilé. Ó lè jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń bọ Ọ̀ṣun láti ìran dé ìran, tí ìyá tàbí bàbá jẹ́ àwòrò rẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ á máa fi Ọ̀ṣun jẹ́ bí ọmọ babaláwo ti ń fi Ifá jẹ́. Ó sì lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọrọ, tí ìyá rẹ̀ ti ń wojú Olúwa fún ọdún pípẹ́ kó tó lọ bẹ Ọ̀ṣun, ẹni tí ń fi idẹ rẹ ọmọ. Bó bá jẹ́ èyí, ọmọ kan ṣoṣo lè máa jẹ́ orúkọ Ọ̀ṣun nínú ilé tí gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi Ògún tàbí Adé jẹ́. Ẹ fọkàn sí ìyàtọ̀ yìí, ó máa wúlò fún wa láìpẹ́.

Kí iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, kò sí ohun tí à ń pè ní orúkọ ìdílé bíi tòde òní ní Èkìtì. Lágbájá ọmọ Lámọrín ni, a ó fi agboolé àti oríkì kún un, ó parí. Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò parí pátápátá títí di 1893, tú ọ̀pọ̀ ènìyàn ká. Òkèmẹ̀sí náà ni ìlú Fábùnmi, akọni tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ogun náà fi gbiná. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú padà wálé, àwọn kan nínú wọn sì mú ẹ̀sìn Kristi àti ìwé kíkà bọ̀. Bí iléèwé ti ń dé ìlú kan tẹ̀lé òmíràn, tí Christ's School sì dé Adó ní 1933, ìwé orúkọ dé pẹ̀lú wọn.

Níbi ìwé orúkọ yìí ni orúkọ ìdílé ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ á bi ọmọ pé kí ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá fi dáhùn ni yóò wọ ìwé, òun náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ́. Ọmọ kan á dárúkọ bàbá tó bí i. Òmíràn láti agboolé kan náà á dárúkọ bàbá àgbà, nítorí òun ni gbogbo ilé ń pè ní bàbá. Ẹ̀kẹta á dárúkọ oyè tí ilé wọn ń jẹ, bí Ọ̀dọ̀fin tàbí Ejemu. Bàbá ẹ̀kẹrin ti ṣèrìbọmi, ó ti di Samuel tàbí Daniel, òun náà sì wọ ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn lè jẹ́. Mo ti rí agboolé tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ìdílé mẹ́rin, tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ tó dàgbà sí Èkó kò sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n.

Ìdí tí àwọn Àjàyí fi pọ̀ wà níbẹ̀. Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé, ìlú tó wù kí wọ́n ti bí i, ẹ̀sìn tó wù kí ilé rẹ̀ máa ṣe, Àjàyí ni. Nígbà tí olùkọ́ ń kọ orúkọ bàbá sílẹ̀, Àjàyí tó jẹ́ bàbá pọ̀ ní gbogbo ìlú Yorùbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì di orísun ìdílé kan tí kò bá àwọn tó kù tan. Àbísọ ni Ọ̀ṣúntókun ní tirẹ̀. Ó gba kí ilé kan mọ Ọ̀ṣun, kí ẹnì kan nínú ilé náà ronú kan òkun, kí ọmọ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, kó dàgbà, kó bímọ, kí àwọn ọmọ yẹn sì wà ní ọjọ́ orí iléèwé nígbà tí ìwé orúkọ dé. Àwọn bàbá tí gbogbo èyí bá mu kò lè pọ̀.

Àwọn ohun mìíràn tún ń dín in kù. Ọmọbìnrin ilé ń lọ sílé ọkọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa jẹ́ orúkọ ilé tó lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ọ̀ṣúntókun ni wọ́n ní ti ìbí, tí oríkì ilé ìyá wọn sì yẹ kó yé wọn. Àwọn ọkùnrin náà wà tó ń fi orúkọ àkọ́kọ́ bàbá wọn ṣe orúkọ ìdílé, tí ti bàbá àgbà á sì pòórá nínú ìwé láàárín ìran méjì. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn tó ń fi Olú rọ́pò òrìṣà: Ògúnbíyìí di Olúbíyìí, Ọ̀ṣúnbùnmi di Olúbùnmi. Onígbàgbọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìgbàgbọ́ rẹ̀, n kò jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ baba ńlá ẹni kì í ṣe ẹbọ. Ìtàn ilé ni. Èkìtì ti ní gómìnà méjì tí orúkọ wọn fi Ifá ṣíwájú, Fáyóṣe àti Fáyẹmí, Kristẹni sì ni àwọn méjèèjì.

Èyí tó tún máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé àwọn Ọ̀ṣúntókun dà bí ẹni pọ̀ létí wa. Òkìkí ló fà á. Olóyè Odùọlá Ọ̀ṣúntókun ṣe mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tí wọ́n bí ní 1935 tó sì kú ní 1995, jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ara ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òun ló ṣe ìwádìí tó so àìsàn iṣan ara kan tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè rìn déédéé mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́; ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jídé Ọ̀ṣúntókun jẹ́ onímọ̀ ìtàn, ó sì ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Jámánì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ Òkèmẹ̀sí. Ilé kan ṣoṣo tó fi ìwé ṣáájú lè mú kí orúkọ kan kárí ayé láìjẹ́ pé àwọn tó ń jẹ́ ẹ pọ̀.

Ní ti iye wọn, ẹ má ṣe gba iye tí àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kan máa ń kọ sí iwájú orúkọ. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2.3 ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ṣùgbọ́n kò pín iye yẹn fún wa ní orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò àfojúbù ni àwọn ojúlé yẹn ń ṣe, wọ́n á sì ka Osuntokun sí orúkọ kan, kí wọ́n ka Oshuntokun sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè máa kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì yìí. Ibi tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé Òkèmẹ̀sí ni gbòǹgbò àwọn tí orúkọ náà gbé jáde, àti pé iṣẹ́ ìwé ti fọ́n wọn ká lọ sí Ìbàdàn, Èkó àti òkè òkun.

Ṣé ẹbí kan náà ni gbogbo wọn? Bí ẹni méjì bá ń jẹ́ ẹ, tí àwọn méjèèjì sì ní Òkèmẹ̀sí ni ilé àwọn, ẹ gbà pé ẹbí ni wọ́n títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí òdìkejì. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ẹ má tíì mú ọjọ́. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn, orúkọ nìkan kò tó láti so wọ́n pọ̀, torí ilé méjì tó ń bọ Ọ̀ṣun lè ronú kan gbólóhùn kan náà láìrí ara wọn. Ẹ béèrè agboolé àti àdúgbò. Ẹ ní kí wọ́n ki oríkì orílẹ̀ wọn, kí wọ́n sì sọ èèwọ̀ ilé wọn. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: ta ni ẹni tó jẹ́ Ọ̀ṣúntókun gẹ́gẹ́ bí orúkọ tirẹ̀ gan-an, tí wọ́n sọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, kó tó di orúkọ gbogbo ilé? Bí ìdáhùn àwọn méjèèjì bá já sí ọkùnrin kan náà, ìbátan ni wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lè má mọ̀ ọ́n lórí. Àwọn àgbà obìnrin ilé rẹ̀ ni kó lọ bá, àwọn ló sábà ń mọ oríkì ilé jù, kó sì tètè lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà.