Èsì: Ǹjẹ́ fíìmù ìjà àtijọ́ ṣì yẹ ní wíwò?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ fíìmù ìjà òde òní lè gbádùn Enter the Dragon tó jáde ní 1973. Ó lè gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó wọn bù fún mi sì tutù sílẹ̀ níwájú mi nígbà tí ìjà dé inú yàrá onídígí, níbi tí àwòrán Bruce Lee, olú òṣèré fíìmù náà, àti ti ọ̀tá rẹ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ èwo ni èèyàn gidi nínú wọn, àfìgbà tí Bruce Lee bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn dígí náà. Kò sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi jà á. Ó dùn mí pé Bruce Lee kú ní ogúnjọ́ oṣù Keje, 1973, lẹ́ni ọdún 32, kí fíìmù náà tó jáde.

Ìtàn fíìmù náà kò lọ́jú pọ̀ púpọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀, nítorí ojú Bruce Lee máa ń sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra.