Inú ń run ọmọ mi tí kíláàsì orí fóònù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kàwé láti ilé ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti bá kòrónà lọ, pé láti ìgbà tí ìjọba ti ilé ìwé pa lóṣù kẹta 2020, tí wọ́n sì ń ṣí wọn padà díẹ̀díẹ̀ títí wọ oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó ti parí nìyẹn. Kò parí o. Owó mọ́tò ti sọ àwọn kan di ẹni tó ń kàwé ní pálọ̀, àìsàn ló dá àwọn kan jókòó, ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn míì ní bọ́dìn ló sì lé wọn wálé. Mo mú mẹ́rin nínú lẹ́tà yẹn.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí owó mọ́tò ò ṣeé gbé mọ́ la yọ ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kúrò ní súkúù tó jìnnà, a wá fi í sí èyí tí wọ́n ń ṣe lórí Zoom. Látìgbà yẹn, tí aago mẹ́jọ bá ti ń sún mọ́ báyìí, "Mọ́mì, inú ń run mí." Mo ti fún un ní oògùn aràn, kẹ́mísì tún fún wa ní òmíì, kò lọ. Lọ́jọ́ Sátidé inú ò ní run ún o, á jẹ ìrẹsì, á gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Dádì ẹ̀ ní irọ́ ló ń pa, pé ẹgba ló máa wo inú yẹn sàn. Iwájú ilé ni mo ti ń tajà, mi ò lè jókòó tì í, mo kàn máa ń pariwo mọ́ ọn látìta ni. Ṣé lóòótọ́ ló ń purọ́? (Ìyá Ayọ̀, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ọjà o. Ọmọ yẹn ò purọ́. Inú ń run ún, ó ń run ún gan-an ni, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ aràn. Ọpọlọ àti ìfun jọ máa ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí àyà ọmọdé bá ń já, inú ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n lára, torí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò tíì mọ bó ṣe máa ṣàlàyé pé ọkàn òun ò balẹ̀, ohun tó mọ̀ ọ́n sọ ni inú, orí, ẹsẹ̀. Àwa àgbà náà ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ lọ fún intafiú tó ń sáré wọ ṣáláńgá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ta ló ń sọ fún un pé irọ́ ló ń pa?

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé gbogbo ẹ̀ lé orí ìbẹ̀rù, ẹ mú un lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ fi kẹ́mísì sílẹ̀ ná. Inú rírun tó ń jí ọmọ lójú oorun lóru, tàbí tí ibà bá wà pẹ̀lú ẹ̀, tó ń bì, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tọ́mọ ń rù, ìyẹn kúrò lọ́rọ̀ Zoom, ti dókítà ni. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan, a jẹ́ pé Sátidé tẹ́ ẹ sọ yẹn ti dá yín lóhùn.

Ó wá ku kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú kíláàsì yẹn gan-an. Tẹ́ ẹ bá bi í ní "kí ló ń ṣe ẹ́?" lójú àwọn àbúrò ẹ̀, "kò sí" ló máa sọ. Ẹ wá ẹni bá yín jókòó ti ọjà fún ààbọ̀ wákàtí, kẹ́ ẹ jókòó sítòsí ẹ̀, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ kàn máa wo ọwọ́ ẹ̀ nígbà tí tíṣà bá pe orúkọ ẹ̀. Ìyá kan ṣe bẹ́ẹ̀ l'Agége, ló bá rí i pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n tan kámẹ́rà, ọmọ òun á kọ́kọ́ fa kọ́tìnì ẹ̀yìn ẹ̀, á bojú wẹ̀yìn, á tún fà á. Ìṣirò kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Aṣọ tí wọ́n kó jọ gègèrè sórí bẹ́ẹ̀dì ni, kí àwọn ọmọ yòókù má baà rí i kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ń pariwo látìta nígbà tí wọ́n bá ní kó tan ohùn, Ìyá Ayọ̀, gbogbo kíláàsì ló ń gbọ́ yín o.

Ẹ bá tíṣà ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ní kọ̀rọ̀. Kó jẹ́ kó máa pa kámẹ́rà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa tẹ ìdáhùn ẹ̀ dípò kó sọ ọ́ jáde, kó má sì máa pe orúkọ ẹ̀ lójijì. Lórí Zoom, ibì kan wà tí wọ́n kọ Hide Self View sí, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kò ní máa rí ojú ara ẹ̀ mọ́, torí kéèyàn jókòó máa wo ojú ara ẹ̀ látàárọ̀ ń rẹ àgbàlagbà, áńbọ̀ǹtórí ọmọ. Àmọ́ ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú kíláàsì pátápátá. Ìbẹ̀rù téèyàn bá ń sá fún, ńṣe ló ń tóbi sí i. Ẹ jẹ́ kó fi kíláàsì tó fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀, kó wá máa pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì ti wẹ̀, kó ti jẹun, kó ti wọ aṣọ gidi kí fóònù tó dé ọwọ́ ẹ̀.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ ò kọ sínú lẹ́tà yín: ọmọ yìí ti pàdánù àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń pín búrẹ́dì jẹ ní bíréèkì, òun ló máa ń jẹ́ kí ìṣirò ṣeé fara dà fún ọmọdé. Ẹ wá nọ́ńbà ìyá ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n máa pera wọn, kí bọ́ọ̀lù yẹn má sì dúró de Sátidé nìkan.

Ti dádì ẹ̀, ẹ má bá a jà á lójú ọmọ. Ẹ jẹ́ kó jẹun tán lálẹ́, kẹ́ ẹ wá ka èyí fún un. Ẹgba á kàn fi ẹ̀rù dádì kún ẹ̀rù tíṣà ni. Ẹ̀yin náà, ẹ pè é kẹ́ ẹ ní, "Ayọ̀, má bínú, mo pariwo mọ́ ẹ jù." Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ṣé ọmọ la ó wá máa bẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tèmi ò pọ̀. Tí NEPA bá mú iná tàbí tí dátà bá tán láàrin kíláàsì, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, á bú sẹ́kún bíi pé ẹnì kan kú. Kí ni mo fẹ́ ṣe? (Bàbá Rírì, Ṣàgámù)

Ìdáhùn: Bàbá Rírì, kí lẹ máa ń sọ fúnra yín tí dátà bá tán? Ọ̀pọ̀ wa, "Haa! Èyí tí mo rà lánàá!" Ọmọ ọdún méje á gbọ́ ọ, á gbà pé òun lòun jẹ owó yẹn. Ẹ sọ fún un kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ pé iná lè lọ, dátà lè tán, tó bá ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀, ìwé báyìí ló máa ṣí kó máa kà. Kí ìwé yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ẹ ní kí tíṣà máa fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì. Ní 2020 yẹn, ìjọba Ògùn gbé kíláàsì sórí OGTV, wọ́n pè é ní DigiClass, ibòmíì lo rédíò, ọmọ tó sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò oníbátìrì, ṣé ó mọ̀gbà tí NEPA múná ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ló ń gbaradì fún WAEC láti ilé torí wọ́n fojú ẹ̀ rí màbo ní bọ́dìn tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ti lé lóṣù kan tí kì í jáde ní yàrá, aago méjìlá ọ̀sán ló ń jí, oúnjẹ ń padà sí kíṣìnì, ó ti pẹ́ tó ti dirun. Tíṣà lẹ́sìnnì ní kò gbọ́ nǹkan tí òun ń sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sọ fún àbúrò ẹ̀ pé ó wu òun kóun sùn kóun má jí mọ́. Ìyàwó mi ní ká gbé e lọ sórí òkè fún àdúrà, èmi rò pé ìwà ọmọge lásán ni. (Bàbá Tèmi, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Bàbá Tèmi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. Kì í ṣe ìwà ọmọge. Lóòótọ́, aago ara ọmọ tó ti ń bàlágà máa ń yí, oorun wọn máa ń pẹ́ dé, wọ́n sì nílò wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ká ní oorun nìkan ni mi ò bá ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú tí kò dùn, oúnjẹ tí kò wọlé, irun tí kò tún rí tọ́jú, tí gbogbo ẹ̀ bá lé lọ́sẹ̀ méjì tí kò lọ, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún àbúrò ẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Lálẹ́ òní, ẹ kan ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ ní, "Tèmi, àbúrò ẹ sọ fún mi nǹkan tó o bá a sọ. Mi ò bínú. Ṣé ó máa ń ṣe ẹ́ bíi kó o pa ara ẹ?" Ẹ bi í bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ má yí i po. Ẹ̀rù máa ń ba òbí pé bíbi í ló máa gbé e sí i lọ́kàn, kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti wádìí ẹ̀, ara máa ń tu ọ̀pọ̀ wọn pé ẹnì kan bi àwọn ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pariwo "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!", ẹnu ẹ̀ máa pa dé ni. Ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kẹ́ ẹ sì gbé e dé ọsibítù lọ́jọ́ yẹn náà. Tó bá tiẹ̀ ní rárá, dókítà ṣì gbọ́dọ̀ rí i lọ́sẹ̀ yìí. Òtápiápiá, oògùn kòkòrò, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́ni kẹ́ni ń lò nílé, ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbi tẹ́ ẹ lè tì pa, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín.

Ìbàdàn lẹ wà, UCH ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ẹni tó bá wà l'Abẹ́òkúta, Arò ń bẹ, láti 1954 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, àwọn ará Èkó ní ti Yábàá, tí wọ́n ní ibi tàwọn ọmọdé l'Óṣòdì. Kẹ́nikẹ́ni má fi orúkọ Arò dẹ́rù bà yín, ojoojúmọ́ lọmọ tó ń lọ súkúù ń wọ ibẹ̀ tó ń jáde lọ sílé. Kí màmá ẹ̀ gbàdúrà, àdúrà ò ba ọsibítù jẹ́, ṣùgbọ́n kí ọsibítù ṣáájú òkè.

Ẹ dín lẹ́sìnnì kù. WAEC ò sá lọ, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ibẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ tó ṣẹ́kù fún un wà, ẹ kàn jẹ́ kí fóònù gbogbo ilé máa sun pálọ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́, tiyín náà. Tó bá wá ń sọ̀rọ̀ bọ́dìn yẹn fún yín, ẹ má bi í pé "kí lo ṣe fún wọn?"

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọ ọmọ mi, ọdún mẹ́rin, ló wà lọ́dọ̀ mi, ìyá ẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Jẹ́léósinmi ń fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù, látàárọ̀ dọ̀sán ló ń wò ó, tí mo bá gbà á, á yí gbiri nílẹ̀. Tí ìyá ẹ̀ bá pè, kì í fẹ́ dá a lóhùn. (Màmá Àgbà, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Màmá, mo kúnlẹ̀ o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún mẹ́rin ò gbọdọ̀ wo ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, ìwọ̀nba ẹ̀ náà ló sì dáa jù. Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ ti sọ fún un pé "tí èyí bá parí, a fẹ́ lọ ṣa ẹ̀wà." Kó bá yín ṣà á lóòótọ́, kó ka mẹ́wàá mẹ́wàá sínú abọ́, súkúù nìyẹn. Lọ́sàn-án, kí òun àtàwọn ọmọ àdúgbò ṣe bojúbojú títí ara ẹ̀ á fi rọ̀.

Ti ìyá ẹ̀, ẹ má fipá mú un pé "kí mọ́mì ẹ." Ó ń wá ìyá ẹ̀, ojú tó ń rí tí kò lè dì mọ́ ló ń dùn ún. Ẹ ní kí ìyá ẹ̀ yan àkókò kan náà lójoojúmọ́, kó pa àlọ́ Ìjàpá fún un, kọ́mọ máa gbe orin ẹ̀. Kí Ìjàpá inú àlọ́ náà máa sá fún súkúù nígbà míì, kó máa wá ìyá ẹ̀ nígbà míì, ẹ máa gbọ́ ohun tọ́mọ máa sọ. Nígbà oòrùn tiwọn lọ́hùn-ún, aago wọn àti tiwa bára mu, nígbà òtútù la fi wákàtí kan ṣáájú wọn, ẹ rán an létí kó má lọ pe ọmọ tó ti sùn. Kó má sì pè nígbà tó bá ń wo kátúùnù lọ́wọ́.