Kí gáàsì tó wọ contactor: ọ̀rọ̀ lórí títan ẹ̀rọ glycol

Àbúrò tó béèrè nípa unit TEG wọn (TEG ni triethylene glycol, kẹ́míkà olómi tó ń fa omi kúrò nínú gáàsì) tó ń bọ̀ láti turnaround, ìyẹn ìgbà tí wọ́n dá iṣẹ́ dúró láti tún ẹ̀rọ ṣe, mo ti ka ohun tí o kọ dáadáa. O ní nígbà tí ẹ tàn án kẹ́yìn, glycol ń dínkù lójoojúmọ́, omi inú gáàsì kò wálẹ̀ dé ibi tí ẹni tó ń rà á fẹ́, ọ̀gá yín sì ní kí ẹ ṣáà máa fi iná kún reboiler, ìkòkò tí a ti ń se omi kúrò lára glycol. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe ní Niger Delta láti ìgbà tí mo ti jáde ní polí, lórí ilẹ̀ gbígbẹ àti nínú ẹrẹ̀. Iná kọ́ ni ìṣòro yín. Ohun tó ń bá gáàsì wọlé ni, àti ìkánjú ẹni tó ń ṣí fáàfù.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí nídìí iṣẹ́ náà: gáàsì tó ń jáde láti inú kànga kì í gbẹ. Bí pirẹ́ṣọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 1000 psi tí ìgbóná rẹ̀ sì jẹ́ 100°F, mílíọ̀nù kan cubic feet rẹ̀, ohun tí a ń pè ní 1 MMscf, á gbé nǹkan bí 60 pọ́ùn omi dání. Ní Amẹ́ríkà, páìpù ńlá kì í sábà gba ohun tó bá ju 7 pọ́ùn lọ. Ní Kánádà, 4 ni wọ́n ń fẹ́. Omi yẹn á jẹ páìpù bí CO2 bá wà nínú gáàsì, á sì tún di hydrate, ìyẹn yìnyín burúkú kan tó lè dí páìpù pa ní nǹkan bí 60°F lábẹ́ pirẹ́ṣọ̀ tí mo sọ yẹn, nígbà tí omi lásán kò tíì ronú àtidì. Ìdí nìyí tí a fi ń da TEG sílẹ̀ láti orí contactor, agolo gíga tí gáàsì àti glycol ti ń pàdé, nígbà tí gáàsì ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Glycol á fa omi mu, gáàsì á gbẹ. Glycol tó ti mu omi á gba flash tank, níbi tí gáàsì tó bá a wọlé ti ń yọ kúrò, àti fílítà kọjá lọ sí reboiler, wọ́n á se omi kúrò lára rẹ̀, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Gáàsì tó ń ti Escravos wá tan iná ní Ẹ̀gbìn lọ́nà Ìkòròdú, ó di dandan kí wọ́n gbẹ ẹ́ kó tó wọ páìpù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀: inlet scrubber, agolo tó ń gba omi àti ìdọ̀tí kúrò lára gáàsì kó tó dé contactor. Gbogbo ojú ló ń wà lára reboiler torí pé ibẹ̀ ni iná ti ń jó. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú omi kànga, condensate (epo fúyẹ́ tó ń bá gáàsì jáde), epo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, àti kẹ́míkà tí wọ́n ń fà sínú páìpù kó má baà dípẹtà, scrubber yìí ló yẹ kó dá gbogbo wọn dúró. Èyí tó bá ré e kọjá, glycol á gbà á mọ́ra. Iyọ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ ara fire tube, páìpù tí iná ń jó nínú rẹ̀ ní reboiler, ojú ibẹ̀ á gbóná ju ibòmíràn lọ, glycol á máa jóná síbẹ̀, irin á sì lu nígbẹ̀yìn. Condensate ní tiẹ̀ á mú glycol hó bí ọṣẹ nínú contactor, gáàsì á sì gbé ìhó náà jáde lókè. Ibẹ̀ ni mo fura sí pé glycol yín ń gbà lọ.

Nítorí náà, kí wọ́n tó pa ojú scrubber dé, gba tọ́ọ̀ṣì kí o sì fojú ara rẹ wo inú rẹ̀. Mo ti wo inú ọ̀kan rí tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọ̀n irin tó ń gba ìkán omi ti ṣí kúrò ní igun kan, ẹ̀ṣẹ́ mi gba ibẹ̀ kọjá láìfara kan ohunkóhun. Ibi tí ọ̀nà bá ṣí sí ni gáàsì á gbà, yóò wá dà bí ẹni pé wọn ò fi àwọ̀n kankan síbẹ̀. Yẹ dump valve, fáàfù tó ń da omi scrubber síta, wò pẹ̀lú, da omi sínú scrubber kí o sì rí i dájú pé fáàfù náà ṣí fúnra rẹ̀. Páìpù kékeré tó lọ sí mítà ìwọ̀n omi, ẹrẹ̀ máa ń dí i nígbà turnaround. Bí ó bá dí, mítà á máa sọ pé kò sí omi nígbà tí omi ti dé ọrùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọ unit. Ìdọ̀tí wẹ́dà, ìpẹtà, àkísà, gbogbo rẹ̀ ni a máa ń bá nínú páìpù lẹ́yìn turnaround. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ sì ṣí gbogbo ibi tó relẹ̀ kí omi ìfọ̀ jáde tán. Ẹ fi nitrogen lé afẹ́fẹ́ kúrò: afẹ́fẹ́ àti gáàsì nínú agolo kan náà, ewu iná ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn tó bá kù síbẹ̀ á sọ glycol di ásíìdì díẹ̀díẹ̀. Ẹ kó fílítà tó pọ̀ sílẹ̀, torí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn kì í pẹ́ kún.

Ó kan títan rẹ̀ gan-an. Ẹ bu glycol sínú surge tank, táńkì tí glycol tó ti mọ́ ń dúró sí, àti reboiler títí yóò fi bo fire tube dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tanná sí irin tó wà níta glycol. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún contactor ní pirẹ́ṣọ̀, nítorí pirẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ ló máa ti glycol padà sí flash tank. Fáàfù bypass kékeré, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù ńlá, ni kí ẹ lò, kí fáàfù ìjáde wà ní títì pa. Mo mọ̀ pé àwọn tó wà ní control room á máa pè yín lórí rédíò pé ẹ ti ń pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè. Bí gáàsì bá rọ́ wọlé lójijì, ó lè ṣí àwọn tray inú contactor (àwọn àwo irin tí glycol ń dúró lé) kúrò ní ipò wọn, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi máa wá ìdí tí gáàsì kò fi gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá ń tú pirẹ́ṣọ̀ kúrò.

Tí pọ́ǹpù bá ti ń ṣiṣẹ́, glycol inú surge tank á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹ má fòyà. Orí àwọn tray ló ń kún, àti inú exchanger (ibi tí glycol gbígbóná ti ń mú èyí tó tutù gbóná) àti fílítà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ń jò, á sì máa bù kún un títí táńkì á fi kún dénú. Lọ́jọ́ tí unit bá wá kú lójijì, gbogbo glycol orí tray á padà sílẹ̀, táńkì á kún àkúnwọ́sílẹ̀, ilẹ̀ á sì máa yọ̀. Ẹ bù ú kún níwọ̀nba, kí àyè wà fún ìpadàbọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó máa yí ní tútù ná, kí fílítà ríṣẹ́ ṣe. Kí ẹ tó wá tanná, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ inú fire tube dáadáa kí gáàsì tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ lọ. Ẹ gbé ìgbóná sókè díẹ̀díẹ̀. Omi ìfọ̀ tó kù nínú glycol á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ó bá ti ń kọjá 212°F. Bí ẹ bá kánjú níbẹ̀, reboiler á pọ glycol àti omi jáde láti orí still column, òpó orí reboiler tí èéfín omi ń gbà lọ sí vent, ihò ìtúsíta rẹ̀. Ẹ dúró ní nǹkan bí 250°F títí èéfín orí vent á fi rọlẹ̀, kí ẹ tó máa bá a lọ sí 375, kí ẹ sì má kọjá 400.

Ibí yìí ni èsì fún ọ̀gá yín wà. TEG á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní nǹkan bí 404°F, ìyẹn 207°C. Bí ẹ bá sì ti dé 400 láìlo nǹkan mìíràn, ibi tí mímọ́ glycol lè dé ni nǹkan bí 98.7%, omi tó kù kò ní torí iná lọ. Bí gáàsì yín bá nílò glycol tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, stripping gas ni ẹ máa lò, gáàsì gbígbẹ díẹ̀ tí a ń fẹ́ gba inú glycol gbígbóná kọjá, òun ló ń gbé e kọjá 99.5%. Má bá ọ̀gá jiyàn níwájú èèyàn. Ẹ fi tẹmọ́mítà mìíràn wọn ìgbóná reboiler, torí mo ti bá èyí tó ń parọ́ pàdé, kí o sì bu glycol sínú ìgò fún wọn. Bí ó bá ti jóná, ó máa ń rùn bíi ṣúgà tó jó mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti dúdú. Imú wọn á gbà ju ẹnu rẹ lọ.

Ìwọ̀n tí pọ́ǹpù ń yí glycol náà, ẹ wò ó. Ohun tí a sábà ń lò jẹ́ gálọ́ọ̀nù 3 fún pọ́ùn omi kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ yọ. Ká ní gáàsì yín jẹ́ 50 MMscf lójúmọ́, tí ẹ fẹ́ mú un láti 60 wá sí 7: pọ́ùn 53 lọ́nà 50 jẹ́ 2650 lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 110 ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ gálọ́ọ̀nù 331 ní wákàtí, tàbí 5.5 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú nọ́ńbà tiyín. Léraléra ni mo ń bá pọ́ǹpù tí wọ́n ti sáré rẹ̀ dé ìlọ́po méjì torí pé gáàsì kò gbẹ, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń fa àìgbẹ náà: reboiler kò lè gbóná tó mọ́ fún glycol tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, glycol tútù tó kún fún omi ló wá ń padà sórí contactor.

Nígbà tí glycol bá ti mọ́, tí ìgbóná sì ti dúró sójú kan, ẹ wá ṣí gáàsì wọlé, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó máa fi kún un. Glycol tó ń wọ orí contactor gbọ́dọ̀ gbóná ju gáàsì lọ ní nǹkan bí dígírì 10 sí 15 Fahrenheit. Bí ó bá tutù ju gáàsì, epo fúyẹ́ inú gáàsì á di condensate sínú rẹ̀, ìhó á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbóná jù, kò ní fa omi mu tó, òun fúnra rẹ̀ á sì máa bá gáàsì fẹ́ lọ. Ní ọ̀sán gangan tí oòrùn bá mú, tí fáànù ìtutù kò bá ṣe dáadáa, ẹ máa rí i pé omi inú gáàsì ń gòkè, tí ó sì ń padà wálẹ̀ lálẹ́. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ kó lọ fọ cooler, kó fi reboiler sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ní ti glycol tó ń dínkù: unit tó bá dára kì í pàdánù ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá gálọ́ọ̀nù kan fún MMscf kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ẹ ṣí ìdí scrubber tó wà lẹ́yìn contactor: bí ohun tó jáde bá ń lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́, lókè contactor ló ti ń lọ. Ẹ bu glycol sínú ìgò, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí ìhó rẹ̀ kò bá yára parẹ́, condensate tàbí ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́, ẹ wo fílítà carbon. Bí orí still column bá sì ń gbóná ju nǹkan bí 220°F lọ, ibẹ̀ ni glycol ń gbà fẹ́ lọ. Reflux, ìtutù orí column tó yẹ kó dá èéfín glycol padà sílẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Kí pH glycol, ìwọ̀n ásíìdì rẹ̀, wà láàrin 7 àti 8.5. Bí ó bá wálẹ̀, ẹ fi kẹ́míkà tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da gbogbo ike náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹrẹ̀ tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ dí fílítà ju ìdọ̀tí turnaround lọ.

Ẹ má sì dúró sábẹ́ vent still column láti fi mọ ohun tó ń jáde. Benzene wà nínú èéfín yẹn, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń wá.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pa á, ìdàkejì ni: ẹ kọ́kọ́ pa iná, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa yí títí reboiler á fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 200°F kí ẹ tó pa á. Ooru tó kù lára fire tube tó láti se glycol tó dúró sójú kan jóná, ẹ̀yin náà lẹ ó sì tún máa fọ́ ọ kúrò lára irin nígbà turnaround tó ń bọ̀.