Ẹṣin mi ń fi ìdí ha ògiri, ṣé aràn ni?

ÌBÉÈRÈ: Èkìtì kete o, ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní póònì kan níbí, àwọn ẹṣin kúkurú yẹn, òun ni mo máa ń mú lọ òde ìyàwó àti ọjọ́ ìbí kí àwọn èèyàn gùn ún ya fọ́tò. Ó ti ń lọ sí oṣù méjì tó ti ń fi ìdí ha ògiri, irun ìdí ìrù ẹ̀ ti ń já dànù, ó ń jẹun ṣùgbọ́n egungun ìhà ẹ̀ ń yọ, ikùn ẹ̀ wá tóbi. Málàámù tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ní aràn ni, mo bá bù nínú oògùn aràn ewúrẹ́ tó wà nílé, mo fún un díẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí àyípadà. Ẹnì kan wá ní kí n gba abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ń gún fún màlúù. Ṣé kí n gún un? — Bàbá Ẹlẹ́ṣin, Ìkéré-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gún un. Abẹ́rẹ́ màlúù yẹn, wọn ò ṣe é fún ẹṣin, ojú ibi tí ẹ bá gún lè wú kó kẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí ẹ̀. Ti ẹṣin jẹ́ páàsìtì nínú sìríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ lẹ́nu, ẹnu ni wọ́n ń fún un sí. Ti ewúrẹ́ yẹn náà, ẹ wo ara páálí ẹ̀, tó bá jẹ́ levamisole ẹ má tún fún un mọ́, torí ìwọ̀n tó ń pa aràn àti èyí tó máa ṣe ẹṣin léṣe ò jìnnà síra wọn.

Ọ̀rọ̀ ìdí tó ń ha yẹn, aràn funfun kan wà tí ìrù ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìparí ìfun ló ń gbé, abo ẹ̀ á wá yọ síta wá yé ẹyin sí etí ihò ìdí, ẹyin yẹn á gbẹ mọ́ ara bíi gúlúù, òun ló ń yún un. Ẹ gbé ìrù ẹ̀ sókè láàárọ̀ kẹ́ ẹ wò ó (ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí o, ẹ má dúró sẹ́yìn ẹ̀ gangan), ẹ tẹ sẹlotéèpù mọ́ ibẹ̀ kí dókítà ẹran lè fi máíkírósíkóòpù yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, kẹ́ ẹ ju àkísà yẹn nù.

Àmọ́ aràn yẹn kọ́ ló sábà máa ń jẹ́ kí ẹṣin rù. Inú koríko ni àwọn tó ń mú ẹṣin rù ti ń wá: ẹyin wọn á bá ìgbẹ́ jáde, á pa, ọmọ ẹ̀ á gun ewé koríko, ẹṣin á sì jẹ ẹ́ padà. Tó bá jẹ́ ojú kan lẹ ń so ó mọ́, tó ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbẹ́ ara ẹ̀, pàápàá nígbà òjò báyìí, oògùn wo ló máa bá a débẹ̀? Ẹ máa kó ìgbẹ́ yẹn ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni "mo fún un díẹ̀" yẹn. Oògùn díẹ̀ á pa àwọn aràn tó rọ̀, á fi àwọn olóríkunkun sílẹ̀, àwọn yẹn ni wọ́n á wá máa bímọ, tó bá yá oògùn ò ní mú wọn mọ́. Èmi náà ti fojú wọn ẹṣin rí, mo ní kò lè ju kílò 120 lọ, ìgbà tí mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo wọn àyíká àyà ẹ̀, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú, ibi tí gàárì ti ń bẹ̀rẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 130. Mo wọn gígùn ẹ̀ láti iwájú èjìká dé ìparí ìdí, ó jẹ́ 125. 130 lọ́nà 130, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 125, kẹ́ ẹ wá fi 11,880 pín in: kílò 178! Milligíráàmù 0.2 ni ti ivermectin fún kílò kan, ìyẹn bíi 36 fún tèmi. Ara sìríńjì yẹn ní àmì ìwọ̀n kílò, ẹ yí òrùka ẹ̀ débẹ̀.

Ẹ rí i pé kò sí koríko lẹ́nu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí kò sí eyín lẹ ó gbà, ẹ fún un sí ẹ̀yìn ahọ́n, kẹ́ ẹ gbé orí ẹ̀ sókè díẹ̀. Àkọ́kọ́ tí mo fún, ó tu ìdajì ẹ̀ sí mi láyà, Málàámù tó ń bá èmi náà tọ́jú ẹṣin rẹ́rìn-ín títí. Ẹ má jẹ́ kí ajá lá èyí tó bá jábọ́ o, ó lè ṣe é léṣe.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ di ìgbẹ́ ẹ̀ tútù méjì mẹ́ta sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an kó ka ẹyin aràn inú ẹ̀. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn oògùn, ẹ gbé òmíì lọ. Tí ẹyin yẹn ò bá dínkù dáadáa, oògùn yẹn ò ràn wọ́n nìyẹn, dókítà lè yí i sí oògùn aràn mìíràn bíi fenbendazole tàbí pyrantel. Tó bá sì jẹ́ pé aràn ti lọ tó ṣì ń rù, ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, torí eṣinṣin tse-tse wà nínú igbó tiwa níbí, àìsàn tó ń gbé kiri ò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ nígbó wa láyé àtijọ́, ìyẹn ò sì gbọ́ oògùn aràn rárá.